NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA GBỌ́ OHÙN JAMÁÀ: ÌTÀN ILÉ-ÌWÉ ÌJỌBA FÚN ÀWỌN MÙSÙLÙMÍ ÈKÓ

   Àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣe ètò ìwé yìí ní kí a kọ ìtàn díẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ sórí àga lè rí ohun kà. Ìtàn tí a mú wá kì í ṣe ti mọ́ṣáláṣí tiwa, àwọn àgbà wa yóò fi ẹnu ara wọn sọ ìyẹn. Ti mọ́ṣáláṣí kan tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894 ni, àti ti ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba bá dé àárín àwùjọ, kì í pẹ́ kí ohùn tó ròkè. Ẹnì kan a ní kí ẹ̀sìn jókòó sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìjọba jókòó sí sẹkitéríà, kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀. Ẹlòmíràn a ní ìjọba tí kò bá bẹ̀rù Ọlọ́hun yóò jẹ ará ìlú run. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjọba kan ti wà rí tí ẹ̀sìn kò ní ọwọ́ nínú ìpinnu rẹ̀. Àwa kò tíì gbọ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí a máa bèèrè ni pé: ohùn ẹ̀sìn ta ni ìjọba ń gbọ́? Ta ló lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀? Kí ló sì ní òun fẹ́? Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ní Èkó yóò jẹ́ kí ó yé wa.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò bá òyìnbó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó máa pàṣẹ lé wa lórí, àwọn ọba kan ti wà tí wọ́n ń kírun, tí wọ́n sì ń fi òfin Ṣaríà dájọ́. Tìmì Àbíbù Lágúnjú ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ẹdẹ, Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámúyẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìwó. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ààfin Èkó kò di ti Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó yí Ọba Kòsọ́kọ́ ká. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù Kejìlá 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, àwọn Mùsùlùmí tó bá a lọ kò sì kéré. Ní oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Ọba Obìnrin Victoria. Lọ́dún kejì, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wálé. Nítorí náà, ìjọba tuntun yìí bá mọ́ṣáláṣí nílẹ̀, ó bá Lèmọ́mù nílẹ̀, ó bá ilé-kéú nílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi wàláà kọ́ Àlùkùránì.

Ohun tí ìjọba náà kò ní ni ilé-ìwé tirẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé láti ìgbà tí wọ́n ti dé Àgbádárìgì ní 1842. Nígbà tó fi máa di 1859, ṣọ́ọ̀ṣì CMS ti dá ilé-ìwé gíga, èyí tí a ń pè ní Grammar School, sílẹ̀ ní Èkó. Ìjọba wo owó tó wà lápò rẹ̀, ó wo iṣẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe, ó sì rí i pé ó rọrùn kí òun máa fún wọn ní owó ìrànwọ́ ju kí òun kọ́ ilé-ìwé lọ. Òfin ẹ̀kọ́ kan jáde ní 1882, òmíràn tó jẹ́ ti Èkó nìkan jáde ní 1887. Lórí ìwé, òfin 1882 gbà pé òbí ló ni àṣẹ lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ta ló ni ilé-ìwé? Ta ni tíṣà? Ìwé wo ni ọmọ yóò kọ́kọ́ kà? Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Yésúfù nílé ti máa ń di Joseph kí ó tó ka ìwé kejì tán, Súlè sì ti di Solomon. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò ti máa wá ọmọ.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ìjọba Èkó kò sọ nígbà kan pé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ni ẹ̀sìn òun ní Èkó. Gómìnà kankan kò pàṣẹ pé kí wọ́n yí ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Owó ni ó kàn pín. Ṣùgbọ́n ibi tí owó náà gbà lọ ti jẹ́ ìpinnu lórí ẹ̀sìn, yálà Gómìnà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Owó orí ọjà tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ń san ní etíkun wà nínú àpò kan náà tí a ti ń fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrànwọ́.

Àwọn bàbá wa kò fẹ́ fi ẹ̀sìn ọmọ wọn ra ìwé. Wọ́n fi ọmọ sí ilé-kéú, wọ́n fi wọ́n sí ẹnu iṣẹ́, wọ́n fi wọ́n sí ọjà. Àwọn kan ti ń pè wọ́n ní aláìmọ̀kan nítorí èyí, ọ̀rọ̀ náà sì ń bí wa nínú. Ẹni tó bá lè ka Lárúbáwá, tó lè kọ ọ́, tó lè pín ogún fún ọmọ méje láìsí ìjà, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Síbẹ̀, òótọ́ ni pé ìjìyà rẹ̀ dé. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ògbufọ̀, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, agbẹjọ́rò, gbogbo wọn ń ti ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Bí ìjọba bá fi ìwé ránṣẹ́ sí bàálé kan tó jẹ́ Mùsùlùmí nípa ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò kà á fún un, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò bá a kọ èsì. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìlú.

Ní àkókò yìí ni Mohammed Shitta wọ inú ìtàn. Sàró ni wọ́n ti bí i, ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó wá sí Àgbádárìgì, ó wá sí Èkó, ó ṣòwò lọ títí dé etí odò Ọya, Ọlọ́hun sì bùkún un. Ó jẹ oyè Sẹ́ríkí Mùsùlùmí ní Èkó. Nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní òun yóò fi owó ara òun kọ́ mọ́ṣáláṣí fún jamáà. Òpópónà Martins ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó kọ́ ọ sí, João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wálé, ló sì ṣe iṣẹ́ ilé náà. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ yóò ti rí ọwọ́ àwọn Àgùdà lára ògiri rẹ̀. Ó ṣì dúró níbẹ̀ dòní. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Ẹ wo àwọn tó jókòó níbẹ̀. Gómìnà Gilbert Carter ni alága ọjọ́ náà. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ Onígbàgbọ́ Èkó wà níbẹ̀, John Otunba Payne wà lára wọn. Edward Wilmot Blyden wà níbẹ̀, a ó padà wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Abdullah Quilliam sì ti Liverpool wọkọ̀ wá, ìlú tí epo pupa Èkó ń gúnlẹ̀ sí. Agbẹjọ́rò ni Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó sì dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Liverpool. Lọ́jọ́ náà, òun ni aṣojú Súlútáánì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Súlútáánì fi àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́ sí Shitta, ó sì fún un ní oyè Bey. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Shitta-Bey, tí wọ́n sì ń pe mọ́ṣáláṣí náà bẹ́ẹ̀.

Àmì ẹ̀yẹ dára, oyè dára. Àwa ka iṣẹ́ tí Súlútáánì rán sí àwọn Mùsùlùmí Èkó sí ohun tó tóbi jù lọ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe sá fún ẹ̀kọ́ ìgbàlódé, kí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn. Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé Gómìnà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ní ó fẹ́ kó ọmọ àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́, wọn ì bá ti dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ayé ń pè ní Kàlífà ló rán iṣẹ́, níwájú Lèmọ́mù, nínú mọ́ṣáláṣí, Gómìnà sì jókòó ó ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, jamáà gbọ́ pé ìwé kì í ṣe ti Onígbàgbọ́ nìkan, ìjọba náà sì rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lè gba ìwé bí ìwé kò bá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kò yanjú kíákíá. Nínú jamáà fúnra wọn, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní bí ọmọ bá ti kọ́ èdè òyìnbó, ẹ̀sìn òyìnbó ni yóò kàn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá ìlọsíwájú, ohun tí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn ní kí a gba ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kí a sọ bí yóò ṣe rí kí a tó gbà á.

Àwọn tó ní kí a sọ bí yóò ṣe rí ló borí, Blyden sì wà lára àwọn tó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Aláwọ̀ dúdú ni, erékùṣù St. Thomas ní ìhà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1832, Làìbéríà ni ó fi ṣe ilé. Pásítọ̀ ni nígbà kan, ó gbọ́ Lárúbáwá, ó sì ti kọ ìwé ní 1887 tó fi yin ohun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1896, ìjọba Èkó gbà á síṣẹ́ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀. Ó mọ èdè ìjọba, ó mọ ohun tó wà nínú ọkàn àwọn aáfà. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ó ṣì ṣọ̀wọ́n títí di òní.

Ní 1896 náà ni wọ́n ṣí ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ìjọba ni yóò san owó tíṣà. Àwọn ọmọ yóò kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò kọ́ ìṣirò. Ẹ̀kọ́ Àlùkùránì yóò máa lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò sì ní fi Bíbélì kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mùsùlùmí ni yóò jẹ́ olórí tíṣà, Ìdírísù Anímáṣahun sì ni ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀. (Ẹni tó ní tí kò sì ṣahun: orúkọ ìdílé tó yẹ kí a pè sókè lónìí nìyẹn.) Ní 1898, wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1899, wọ́n ṣí ti Àgbádárìgì. Ní Ẹ̀pẹ́ tí àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ sá lọ ní 1851, ìjọba tó lé wọn ló wá ń san owó tíṣà fún ọmọ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń sọ Gómìnà Carter di wòlíì. Carter kan náà ló kó ọmọ ogun lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú ní 1892, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn ní Ìmàgbọn. Ìjọba náà ń wá akọ̀wé, ó ń wá ògbufọ̀, ó ń wá ọ̀nà láti mọ ohun tí àwọn Mùsùlùmí ń rò. Ó tún fẹ́ kí ìlú rọgbọ. A gbà. Ìjọba kì í sábà ṣe ohun kan fún ìdí kan ṣoṣo. Ohun tó wú wa lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn Mùsùlùmí Èkó kò dúró kí ìjọba kọ́kọ́ di olùfẹ́ Ìsìláàmù. Wọn kò ní kí Gómìnà wá kírun. Wọn kò ní kí wọ́n ti ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì pa. Tíṣà ni wọ́n bèèrè, orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n bèèrè, àti àyè fún Àlùkùránì. Ohun tí akọ̀wé lè kọ sílẹ̀ ni, tí ìjọba lè fi owó sí.

Àbùkù kan wà níbẹ̀, a kò sì ní fi bò. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, ìjọba náà ló mọ bí yóò ṣe tóbi tó. Carter kúrò ní Èkó, Blyden kò pẹ́ níbẹ̀, Shitta-Bey sì ti kú ní 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, kò tilẹ̀ rí ilé-ìwé náà sójú. Ìjọba kò tan irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìbàdàn, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìwó, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ bí esú, òbí ṣì ń yan ọ̀kan nínú méjì: ìwé tàbí ẹ̀sìn ọmọ. Ilé-ìwé mẹ́ta kò lè gbé ẹrù odindi ilẹ̀ kan.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi pàdé ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1923 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Àwọn tó kàwé wà lára wọn, wọ́n sì mọ ohun tí ìwé ti ná ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ilé-ìwé fúnra àwọn, kí wọ́n tó lọ bá ìjọba fún owó ìrànwọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe. Owó ẹgbẹ́, owó nísàn, owó wòlímọ̀, owó àwọn ìyá wa ní ọjà, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Alákorò ní Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé-ìwé sí. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn, lára wọn ni Zumratul Islamiyya ní Èkó àti Nawair-ud-Deen tó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1939. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ti ní ilé-ìwé lọ́wọ́, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń bójú tó o. Ká ní wọ́n ṣì ń dúró de ìjọba ni, ilé ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wa ì bá ti lọ jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 1957, àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ìjọba kò ka àwọn sí, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n pè ní National Muslim League sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò dàgbà, wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí ìlú ń bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sìn ya Yorùbá sí méjì. Síbẹ̀, ní 1958, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti máa tọ́jú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, irú rẹ̀ kò sì tíì sí rí ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja tó jókòó síbí, ìgbà yẹn ni ìjọba ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìrìn-àjò yín kan òun. Ti àríyànjiyàn Ṣaríà ní ilé ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 1978, ó tó ìwé mìíràn lọ́tọ̀, a kò ní fi ọwọ́ kàn án lónìí.

Òfin tí a ń lò láti 1999 sọ ní ìpín kẹwàá pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Àwọn kan ń ka ìpín yìí bí ẹni pé ó ní kí ìjọba di etí rẹ̀ sí ẹlẹ́sìn. Bí wọ́n bá ṣí ìwé náà lọ sí ìpín 38, wọn yóò rí i níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ohun tí àwọn bàbá wa ní Èkó bèèrè ní 1896 gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ náà tún padà dé Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí àwọn ọmọbìnrin má ṣe lo ìbòrí híjáàbù mọ́ aṣọ ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé ìjọba. Àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn kò sun ilé-ìwé, wọn kò lu tíṣà. Wọ́n gba kọ́ọ̀tù lọ. Wọ́n jáwé olúborí ní Kọ́ọ̀tù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù Keje 2016. Ìjọba gbé ẹjọ́ náà lọ sókè, ọdún sì ń gorí ọdún. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ méje jókòó lé e lórí ní Kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní Àbújá. Àwọn márùn-ún ní àwọn ọmọ náà jàre, àwọn méjì ní wọn kò jàre. Nígbà tí ìdájọ́ fi máa jáde, àwọn ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́mọ ilé-ìwé. Àwọn àbúrò wọn ló ń lò ó.